Bí Ojúlùmọ̀ Bá Di Ẹlẹ́rìí Kan Ṣoṣo

Ní òru ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ ọdún 2014, iyọ̀ di oògùn ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Àrùn Ebola ti wọ ìlú Èkó láti ọjọ́ 20 oṣù keje, nígbà tí Patrick Sawyer, ará Làìbéríà, gbé e sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ òfuurufú. Ìbẹ̀rù sì ti mú gbogbo ènìyàn. Ní òru náà ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti ilé dé ilé. Ẹ̀gbọ́n ń jí àbúrò, ìyá ń jí ọmọ, ará ìjọ ń jí ará ìjọ, pé kí olúkúlùkù dìde, kí ó bu iyọ̀ sínú omi, kí ó fi wẹ̀, kí ó sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, bí kò bá fẹ́ kí àrùn náà mú òun. Àwọn tí ó dìde kò níye. Ìjọba kéde pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹyin ni ọ̀rọ̀, ó ti bọ́ sílẹ̀, ó sì ti fọ́. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 15 oṣù náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde pé, ó kéré tán, ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí pé wọ́n mu omi iyọ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kì í ṣe láti fi àwọn tí ó wẹ̀ ní òru náà ṣe ẹlẹ́yà ni a ṣe rán yín létí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀mọ̀wé wẹ̀, òpè wẹ̀. Ará ìlú wẹ̀, ará oko náà wẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni ẹni tí ó mú ìròhìn náà wá. Bí ó bá ṣe pé àlejò kan ni ó dúró ní ìkóríta tí ó ń kígbe iyọ̀, àwọn ọmọdé ni ì bá máa tẹ̀ lé e, àwọn àgbà ì bá sì fi í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀gbọ́n ẹni ni, ohùn ìyá ẹni ni, ohùn tí kò tàn wá jẹ rí. A gba ọ̀rọ̀ náà nítorí ẹni tí ó sọ ọ́. A kò dúró wo ohun tí ó sọ. Ẹni tí ó pè wá náà kò sì mọ̀ọ́mọ̀ purọ́: ẹnì kan tí òun pẹ̀lú gbẹ́kẹ̀ lé ni ó jí i.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ mọ òtítọ́ ní òru náà, èyí nì ni pé kí ó wá ẹni tí kò sí nínú agbo àwọn tí ń jí ara wọn, kí ó bi í léèrè. Ní ayé àtijọ́, yóò dúró kí ilẹ̀ mọ́, yóò sì gba ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tàbí olùkọ́ lọ. Lóde òní, fóònù kan náà tí ó gbé irọ́ wá ni ènìyàn yóò ṣí, tí yóò sì kọ ìbéèrè rẹ̀ sínú ẹ̀rọ aṣàwárí bíi Google. Ẹ̀rọ yìí ni ó ti di adájọ́ láàárín àwa àti ohun tí àwọn ènìyàn wa ń sọ fún wa. Ǹjẹ́ bí ẹ̀rọ náà bá kọ́kọ́ wo àwọn tí a mọ̀, tí ó sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni ó fi dá wa lóhùn ńkọ́? A ó bi adájọ́ léèrè, iyọ̀ kan náà ni yóò sì tún wí. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí, nítorí ó kan àwọn ará ìletò àti ìlú kéékèèké tí ó yí Ìbàdàn ká, ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, ju bí wọ́n ti rò lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ẹ̀rọ aṣàwárí ti ń ṣiṣẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ ni ó ń lò ó lójoojúmọ́ tí kò mọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí Larry Page àti Sergey Brin, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, dá ilé-iṣẹ́ Google sílẹ̀ ní ọdún 1998, ọgbọ́n tí wọ́n fi ta àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yọ ni pé wọ́n ka iye ojú-ìwé tí ó ń tọ́ka sí ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ọ̀pọ̀ bá tọ́ka sí, pàápàá bí àwọn tí ó tọ́ka sí i bá jẹ́ ẹni iyì, òun ni wọ́n ń gbé síwájú. Ó dà bí ìgbà tí àlejò bá dé ọjà Bódìjà, tí ó béèrè ìsọ̀ tí iṣu ibẹ̀ dára. Bí ogún ènìyàn tí kò bá ara wọn tan bá na ọwọ́ sí ìsọ̀ kan náà, ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀. Èyí tí ó sì dára jù nínú ètò náà ni pé ìdáhùn tí ará Mọ́níyà rí gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tí ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù rí gbà, bí ìbéèrè wọn bá bá ara mu.

Nígbà tí ó yá, àwọn onílé-iṣẹ́ náà rí i pé ènìyàn a máa fẹ́ràn ìdáhùn tí ó bá a lára mu. Ní oṣù kejìlá ọdún 2009, Google bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìdáhùn mọ́ olúkúlùkù bí aránṣọ ti ń gé ẹ̀wù, àní fún àwọn tí kò fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ pàápàá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, Bing, ẹ̀rọ aṣàwárí ti Microsoft, bá Facebook dòwò pọ̀, pé kí ohun tí ọ̀rẹ́ ẹni bá fẹ́ràn lórí Facebook máa hàn láàárín ìdáhùn. Ní ọjọ́ 10 oṣù kìíní ọdún 2012, Google wá ṣe èyí tí ó ga jù: ó da ọ̀rọ̀ àti àwòrán àwọn ojúlùmọ̀ ẹni pọ̀ mọ́ ìdáhùn, láti inú Google+, ìyẹn agbo ojúlùmọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 2011. Lójú ẹsẹ̀ ni àwọn onítwitter fi ẹ̀hónú hàn, pé ètò yìí kò ní ṣe aráyé àti àwọn oníwèé ìròhìn ní oore.

Google+ kò pẹ́ láyé. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 2019 ni a sé e mọ́ gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n èrò tí ó bí i kò bá a kú. Google ṣì ń wo ibi tí ènìyàn wà àti ohun tí ó ti wá sẹ́yìn kí ó tó dá a lóhùn. Ní oṣù kìíní ọdún 2018, Mark Zuckerberg kéde pé ohun tí ọ̀rẹ́ àti ìbátan bá fi síta ni Facebook yóò máa gbé síwájú jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àwọn ìletò wa ni kò sì fi ìyàtọ̀ sáàárín Facebook, WhatsApp àti íntánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá iye owó ọjà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá ìwòsàn, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń wá ẹni tí wọn yóò dìbò fún. Lọ́dọ̀ wọn, ojúlùmọ̀ ni ẹ̀rọ aṣàwárí, ẹ̀rọ aṣàwárí sì ni ojúlùmọ̀.

A kò ní jẹ́ olódodo bí a bá wí pé kò sí àǹfààní kankan nínú èyí. Ẹni tí ó ń wá ẹni tí yóò tún alùpùpù ṣe ní Lálúpọn, tàbí tí ó ń wá ibi tí yóò ti ra ọmọ adìẹ tí kò ní kú lọ́nà, ọ̀rọ̀ ojúlùmọ̀ kan wúlò fún un ju ti ẹgbẹ̀rún àlejò lọ, nítorí ojúlùmọ̀ náà ti ná owó tirẹ̀ níbẹ̀ rí. Nínú ọ̀rọ̀ tí ojú wọn ti tó, àwọn ojúlùmọ̀ wa ni ẹlẹ́rìí tí ó dára jù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà tí ojú wọn kò tó: ohun tí ń fa àrùn, oògùn tí a kò gbọdọ̀ lò pọ̀, òfin ilẹ̀, bí ìjọba ti ná owó. Nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, bí 100 ojúlùmọ̀ bá sọ ohun kan náà, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́, tí àwọn 99 tí ó kù sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rọ kò mọ èyí. 100 ni ó kà, 100 ni ó sì gbé síwájú wa.

Ibi àkọ́kọ́ tí ó wà nínú ọ̀ràn yìí nìyẹn: ó pa ibi tí a ti ń yẹ ọ̀rọ̀ wò run. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Adájọ́ tí ó bá gbọ́ ti olùpẹjọ́, tí ó tún pe ẹ̀gbọ́n olùpẹjọ́ àti ìyàwó rẹ̀ kí wọ́n wá jẹ́rìí, tí ó wá wí pé òun ti gbọ́ ẹnu ènìyàn mẹ́ta, ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ni ó gbọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀rọ tí ó gbọ́ ìbéèrè wa, tí ó sì lọ kó àwọn ènìyàn wa wá láti dá wa lóhùn.

Àwọn baba ńlá wa mọ ewu yìí kí ẹ̀rọ tó dé. Ẹni tí ó bá lọ dá Ifá kì í ròyìn ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ fún babaláwo. Owó ni ó ń mú lọ́wọ́, tí ó ń sọ ọ̀rọ̀ náà sí wúyẹ́wúyẹ́, tí ó sì ń fi lélẹ̀ kí a tó ki ọwọ́ mọ́lẹ̀. Yálà ènìyàn gba Ifá gbọ́ tàbí kò gbà á gbọ́, ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú ìlànà náà. Wọn kò fẹ́ kí ẹni tí yóò dáhùn mọ ẹni tí a ń bá jà tàbí ẹni tí a fẹ́ràn, kí ó má ba à fi ohun tí ó wu wá gbọ́ dá wa lóhùn. Ẹ̀rọ òde òní ti yí ìlànà yìí padà. Ó mọ orúkọ wa, ó mọ ìlú wa, ó mọ ohun tí a wá lánàá, ó mọ àwọn tí a ń bá sọ̀rọ̀ lóru. Lẹ́yìn èyí ni ó tó sọ fún wa pé òun ń dá wa lóhùn.

Ibi kejì ni pé a kì í rí ohun tí a kò rí. Eli Pariser, ọmọ Amẹ́ríkà kan, kọ ìwé lórí ọ̀ràn yìí ní ọdún 2011. Ó ròyìn pé ní ọdún 2010, nígbà tí kànga epo ilé-iṣẹ́ BP bú gbàmù nínú òkun Amẹ́ríkà, òun ní kí ọ̀rẹ́ òun méjì wá orúkọ BP nínú Google. Ọ̀kan rí ìròhìn epo tí ó dà sínú òkun. Èkejì rí ọ̀rọ̀ àwọn tí ń fi owó ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ náà. Àwọn méjèèjì kò sì mọ̀ pé ohun tí àwọn rí kò bá ara mu, títí a fi gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Àwọn tí ó ti dàgbà nínú yín rántí àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì tí a ń so mọ́ ògiri ní Ìbàdàn ní ọjọ́ wọ̀nyí. Ohun tí ó bá sọ, gbogbo àdúgbò ni ó gbọ́ ọ. Bí ó bá purọ́ pàápàá, irọ́ kan náà ni gbogbo wa jùmọ̀ gbọ́, a sì lè jùmọ̀ jiyàn lé e lórí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì lábẹ́ igi. Ṣùgbọ́n lóde òní, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò lè jókòó lórí àga kan ní Ejíòkú, kí olúkúlùkù wo fóònù tirẹ̀, kí wọ́n béèrè ohun kan náà, kí ìdáhùn sì yàtọ̀. Bí iyàn bá dé, ẹ̀gbọ́n yóò rò pé àbúrò ya olórí kunkun, àbúrò yóò rò pé ẹ̀gbọ́n ti gbàgbé ọjọ́ orí rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò rò pé ẹ̀rọ ni ó fún àwọn ní ayé méjì.

Ibi kẹta ni ó sún mọ́ wa jù. Ará ìlú ńlá a máa ní ojúlùmọ̀ oríṣiríṣi: dókítà wà níbẹ̀, agbẹjọ́rò wà níbẹ̀, ẹni tí ó ti rìn dé ilẹ̀ òkèèrè wà níbẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá fi irú àwọn ojúlùmọ̀ bẹ́ẹ̀ dá a lóhùn, ó lè rí ìmọ̀ fà yọ. Ṣùgbọ́n ní abúlé kan ní ẹ̀bá Akánrán tàbí Erúnmu, àwọn tí ó wà nínú fóònù ọkọ ni ó wà nínú ti aya, àwọn náà ni ó sì wà nínú ti aládùúgbò: ará ilé, ará ìjọ tàbí mọ́sáláṣí, ẹlẹgbẹ́ oko, àti àwọn ọmọ tí ó wà ní Ìbàdàn àti Èkó. Ènìyàn rere ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni gbogbo wọn mọ̀, ohun kan náà ni gbogbo wọn kò sì mọ̀. Ẹni tí ó ń wá ìmọ̀ láàárín wọn dà bí ẹni tí ó ń fi igbá pọn omi láti inú àmù kan dà sínú àmù kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a fi àgbẹ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ, kí a sọ pé Ìjàyè ni ó wà, ní ilẹ̀ Akínyẹlé. Ewé ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ń lọ́, ó ń pọ́n bí ìyeyè, gbòǹgbò rẹ̀ kò tóbi. Ó béèrè lórí fóònù ohun tí ó lè ṣe. Ohun tí ó kọ́kọ́ rí ni ọ̀rọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tí ó ní kí a da eérú sí i; lẹ́yìn rẹ̀ ni ti ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ń ta oògùn inú ìgò; lẹ́yìn rẹ̀ ni ti ẹni tí ó ní ayé ni ó ń ṣe é. Ó ra oògùn náà, nítorí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò lè tàn án jẹ. Ní ọdún kejì, ó gé igi lára ẹ̀gẹ́ tí ó ń ṣàìsàn, ó gbìn ín, àrùn sì bá a dé oko titun.

Òtítọ́ ọ̀ràn náà kò jìnnà sí i. Àwọn kòkòrò funfun kéékèèké tí ń fò lábẹ́ ewé àti igi ẹ̀gẹ́ tí ó ti ní àrùn ni ó ń tan àrùn yìí ká. Kò sì sí oògùn ìgò tí ó lè wo èyí tí ó ti mú sàn. Kí a fa èyí tí ó ń ṣàìsàn tu, kí a sì gbin igi tí ó mọ́ láti ara irú ẹ̀yà tí àrùn náà kì í tètè mú, ni ọ̀nà tí ó dájú. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé tí a ń pè ní IITA, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀. Níbo ni ilé-iṣẹ́ náà wà? Ní ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ni, nínú Akínyẹlé kan náà. Ìmọ̀ tí àwọn orílẹ̀-èdè jíjìnnà ń wá dé ibẹ̀ wà ní ẹ̀yìn oko rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni kankan nínú IITA kò sí nínú fóònù rẹ̀. Èyí ni ó bà wá nínú jẹ́ jù lọ nínú ọ̀ràn yìí.

Ẹnì kan lè wí pé à ń sọ ọ̀rọ̀ náà di ńlá ju bí ó ti yẹ lọ. Òótọ́ ni pé ní ọdún 2013, àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Northeastern ní Amẹ́ríkà fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bí Google bá gé ìdáhùn mọ́ ènìyàn, nǹkan bí 12 nínú 100 ìdáhùn ni ó ń yàtọ̀. A gba èyí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìbéèrè ni ìyàtọ̀ náà bọ́ sí lọ́gbọọgba, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀ kì í ka 100 ìdáhùn. Méjì tàbí mẹ́ta tí ó wà lókè ni ó ń kà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó sì ń gbà á ní àkọ́kà. Pẹ̀lúpẹ̀lú, Google ni wọ́n wọ̀n. Lórí Facebook, níbi tí ojúlùmọ̀ ti jẹ́ ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀, kò sí ìdáhùn gbogboogbò kan tí a lè fi wọn èyí tí a fún olúkúlùkù.

Ó ku ẹ̀gbẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ kì í rò. Kí ẹ̀rọ tó lè fi ojúlùmọ̀ wa dá wa lóhùn, ó ní láti mọ̀ wọ́n. Nígbà tí a bá gbà kí ó wo àwọn nọ́ńbà tí ó wà nínú fóònù wa, kì í ṣe àṣírí tiwa nìkan ni a gbé fún un. A gbé ti ìyá arúgbó tí ó wà ní Ajíà, tí kò tẹ fóònù olójú gbọọrọ rí, sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Ní oṣù keje ọdún 2024, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, FCCPC, bu owó ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta, ilé-iṣẹ́ tí ó ni Facebook àti WhatsApp. Lára ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé ó kó ọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ Nàìjíríà láìgba àṣẹ wọn, àti pé kò ṣe sí wọn bí ó ti ń ṣe sí àwọn ará ilẹ̀ mìíràn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tí Meta pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí fi ọwọ́ sí ìdájọ́ náà. A yin àjọ náà fún ìgboyà rẹ̀.

Àwọn olórí wa pẹ̀lú ní láti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí àwọn náà ń ti ojú fóònù wo ìlú. Ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní agbègbè wa yìí ní ọdún 1968 àti 1969, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ tí a pè ní Agbẹ́kọ̀yà dìde nítorí owó-orí, tí Tafa Adéoyè ti ìhà Akánrán sì wà lára àwọn olórí wọn. Ìbọn dún, ẹ̀mí ṣòfò. Lára ohun tí ó mú àlàáfíà padà wá ni pé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ lọ bá àwọn àgbẹ̀ náà, ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Lẹ́yìn èyí ni a dín owó-orí náà kù. Bí olórí òde òní bá jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀, tí ó ṣí fóònù láti wá ohun tí àwọn ará Ọ̀nà-Àrà ń sọ nípa ọ̀nà wọn, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rí, wọn yóò sì kí i kú iṣẹ́. Àgbẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ ẹrù rẹ̀ rì sínú ẹrẹ̀ kò sí lára ojúlùmọ̀ rẹ̀. Yóò gbàgbọ́ pé òun ti gbọ́ ohùn ìlú, kò sì ní mọ̀ pé ohùn ara òun ni ó ń padà wá bá òun.

Kí ni ṣíṣe? Èkíní, kí olúkúlùkù wa kọ́ láti béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ẹ̀mí, owó tàbí ìbò, kí ẹ béèrè lórí fóònù tiyín, kí ẹ sì tún béèrè lórí ti ẹni tí kò sí nínú agbo yín, tàbí kí ẹ wá a láìfi orúkọ yín wọlé. Kí ẹ wo ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹni tí ó gbé e dé ọ̀dọ̀ yín. Bí kò bá ní olówó, tí ó jẹ́ pé "wọ́n ní" ni orísun rẹ̀, ẹ má ṣe fi wẹ̀, ẹ má sì ṣe mu ún.

Èkejì, kí àwọn olùkọ́ wa fi èyí kún ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọmọ tí ó lè tẹ fóònù ju bàbá rẹ̀ lọ, ó yẹ kí ó lè sọ fún bàbá rẹ̀ ìdí tí ìdáhùn kan fi ṣáájú òmíràn. Ẹ̀kọ́ náà kò gba owó: kí a kó ọmọ mẹ́wàá jọ, kí wọ́n fi fóònù òbí wọn béèrè ìbéèrè kan náà, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sí ara pátákó.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí má ṣe fi ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìlera sílẹ̀ fún fóònù nìkan. Òṣìṣẹ́ tí ń gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn, tí ń gun alùpùpù lọ sí oko, àti nọ́ọ̀sì tí ó jókòó sí ilé ìwòsàn ìletò, àwọn ni àlejò olóòótọ́ tí ń wọ inú agbo tí ó ti dí. Níbi tí wọ́n bá ti dín kù, irọ́ ni yóò gba ipò wọn.

Ẹ̀kẹrin, kí ìjọba àpapọ̀ béèrè lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ohun tí àwọn ará Yúróòpù ti béèrè. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni òfin wọn ti sọ ọ́ di dandan fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó tóbi jù láti fi ọ̀nà kan, ó kéré tán, sílẹ̀, nínú èyí tí ènìyàn lè gba ohun tí wọ́n ń gbé síwájú rẹ̀ láìjẹ́ pé a fi àkọsílẹ̀ nípa rẹ̀ ṣà á. Nàìjíríà pẹ̀lú ní Òfin Ìdáàbòbò Àkọsílẹ̀ ti ọdún 2023, a sì ti rí i pé ó lè bu owó ìtanràn. Kí ó lo agbára kan náà láti béèrè pé kí ilẹ̀kùn gbogboogbò wà ní ṣíṣí, kí a sì kọ ọ́ sí ara ìdáhùn tí ó bá ti ọ̀dọ̀ ojúlùmọ̀ wá, pé ọ̀dọ̀ ojúlùmọ̀ ni ó ti wá.

A kò wí pé kí ẹnikẹ́ni kọ ará ilé rẹ̀ sílẹ̀. Bí ilé bá ń jó, àwọn ni yóò gbé omi wá. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀, àwọn ni yóò jókòó tì wá. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun. Ẹ̀rọ aṣàwárí ni ó yẹ kí ó mú wa dé oko ẹlòmíràn. Bí ó bá ń mú wa yí oko bàbá wa po, tí ó ń sọ fún wa pé ayé náà nìyẹn, ó ti tàn wá jẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ohun tí ó fi hàn wá ni ó wà níbẹ̀ ní tòótọ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ní òru tí iyọ̀ bá tún di oògùn, a fẹ́ kí ẹni tí ó bá jí ní Lálúpọn tàbí ní Akánrán rí ọlọ́gbọ́n kan tí kì í ṣe ará ilé rẹ̀, tí yóò lè wí fún un pé, "Padà lọ sùn."